Nígbà Tí Ìlà Avrankou Ń Kú

Ọdún tí àwọn sójà gba ìjọba bá mi nídìí tábìlì tí a ti ń dán ìlà wò, ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Àjàṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún obìnrin nígbà yẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi obìnrin wà ní yàrá kejì, níbi tí wọ́n ti ń so ìpè àwọn èèyàn pọ̀, ibẹ̀ ni èmi náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òyìnbó tó ń dán ìlà wò kó ẹrù rẹ̀ padà sí ìlú wọn, ọ̀gá wa pè mí. Ó ní òun ti ṣàkíyèsí pé etí mi mú, pé bí ìlà kan bá fẹ́ ya dìndìnrìn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Ó ní kí n lọ jókòó síbẹ̀ wò. Mo jókòó, n kò sì dìde mọ́ títí tí mo fi fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ibi tí ìlà ti bàjẹ́. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé tẹlifóònù òun ti dákẹ́, màá rán iná díẹ̀ sínú okùn rẹ̀ láti ìdí tábìlì mi, màá sì wo bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ṣe mì. Bí abẹ́rẹ́ náà bá dúró gbọnyin, okùn ti já. Bí ó bá fò dé òpin, okùn méjì ti fara kan ara wọn. Bí ó bá ń rìn wọ́ọ́rọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn, omi ló ti wọlé. Lẹ́yìn náà ni màá sọ fún Bàbá Olópòó ibi tí yóò lọ.

Bàbá Olópòó ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin tó ń gun òpó fún wa. Ará Gun ni, abúlé kan lẹ́bàá Avrankou ni ilé rẹ̀ wà, ó sì ń sọ Nàgó, Yorùbá tiwa, bí ẹni pé ó ń fi orin sí i. Ó ti tó bàbá bí mi. Òun ló kọ́ mi láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo tí ewé ọ̀pẹ ń fà lára okùn àti èyí tí ìpẹtà ń fà. Èmi náà ló máa ń dúró lórí ìlà nígbà tó bá wà lókè òpó, tí yóò máa kígbe sínú ohun ìgbọ́rọ̀ pé, "Ọmọbìnrin mi, ìsinsìnyí ńkọ́?" Màá ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá." Báyìí la ṣe ń ṣe é, lọ́dọọdún, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọba tuntun náà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wá. Ọ̀rọ̀ orí rédíò ni lójú wa. Ṣùgbọ́n bí ọdún bí méjì ti kọjá, ó wọ inú ọgbà wa. Wọ́n ní kò sí mùsé mọ́, kò sí màdáàmù mọ́, kàmáráàdì ni gbogbo wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé a óò tò sójú àgbàlá, ẹnìkan á kígbe "Ehuzu!", àwa náà á dáhùn "Ehuzu dandan!" Ọ̀rọ̀ Fọ̀n ni, ó túmọ̀ sí pé nǹkan ti yí padà, àti pé tipátipá ló yí. Wọ́n sọ fún wa pé kí á má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́, kí ọkùnrin má dọ̀bálẹ̀ mọ́, pé àwọn tó ń jẹ gàba léni lórí ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. N kò lè parọ́, mo fẹ́ràn apá kan nínú rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ́ wò mí lójú tẹ́lẹ̀ nítorí mo jẹ́ obìnrin nídìí ẹ̀rọ, ó di dandan fún un láti pè mí ní kàmáráàdì.

Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti máa ṣọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá ìyípadà. Alága tiwa jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta sítáǹbù ní apá ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ àdúgbò wa ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin la jọ lọ sí ilé kéwú. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gba ohun tí wọ́n ń wí gbọ́ tọkàntọkàn ni, ó sì ń fi gbogbo ara ṣe é.

Ìgbà náà ni ìlà Avrankou bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Ìlà kan ṣoṣo ló so ilé ìgbẹ̀bí Avrankou mọ́ ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Àjàṣẹ́. Láti ọ̀dọ̀ wa, ó gba inú ilẹ̀ kọjá lábẹ́ ìgboro títí dé ẹnu bodè ìlú. Níbẹ̀ ló ti jáde sókè, tó gun orí òpó, tó sì ń bá àwọn òpó náà lọ láàárín oko àgbàdo àti ọ̀pẹ títí dé Avrankou. Agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ ń lò ó láti fi pe ọkọ̀ aláìsàn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ká ìbímọ kan. Ìlà yìí á kú láàárọ̀, á yè lọ́sàn-án. Bàbá Olópòó á gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀, lọ, á wo òpó kan tẹ̀ lé òmíràn, kò ní rí nǹkan kan. Kó tó padà dé, ìlà ti ń dún. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, ó tún kú.

"Àrùn yìí ń bá wa ṣeré," ló wí fún mi.

Lẹ́ẹ̀kan, mo bá ìlà náà kí ó tó tún yè. Mo sáré gbé ẹ̀rọ kan tí a fi ń wọn bí àléébù ti jìnnà sí wa tó. Ohun tí ẹ̀rọ náà sọ yà mí lẹ́nu. Ó ní àléébù náà kò sí lọ́nà Avrankou rárá, pé inú ìlú ló wà, nítòsí wa. Kí n tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ìlà ti yè, kò sì sí bí a ṣe lè wọn àléébù lórí ìlà tó yè. Mo lọ sọ fún ọ̀gá wa. Ó mi orí. Ó ní ẹ̀rọ náà ti gbó, pé láti ìgbà òyìnbó ni kò ti sí ẹni tó tún un ṣe.

Kò pẹ́ sí i ni obìnrin kan rọbí ní Avrankou. Ọmọ náà dábùú. Agbẹ̀bí gbé tẹlifóònù, ó dákẹ́ lọ gbári. Ó gbé e, ó gbé e, kò sí ohùn. Wọ́n wá ọkọ̀ kiri títí wọ́n fi rí ẹni tó gbé obìnrin náà wá sí Àjàṣẹ́, lórí àpò àgbàdo. Ìyá yè. Ọmọ kò yè.

Àbúrò alága ìgbìmọ̀ wa, tó lọ́kọ sí Avrankou, ni obìnrin náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dọ́kùnrin náà dúró síwájú gbogbo wa ní àgbàlá. Ó ní ìlà kì í kú kó yè fúnra rẹ̀. Ó ní ẹnìkan ló ń gé e, tó tún ń so ó padà. Ó ní àwọn ti lọ sí ilé ẹni tó ń tọ́jú òpó, àwọn sì ti bá okùn bàbà ìjọba níbẹ̀. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àwọn jandaamu, àwọn ọlọ́pàá ológun, wọlé. Bàbá Olópòó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wò mí, ó wo ọ̀gá, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì bá wọn lọ.

Mo mọ okùn bàbà náà. Okùn tó ti gbó tí wọ́n jù nù nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ti àwọn òpó ni. Ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ lé e.

Mo tọ ọ̀gá lọ ní yàrá rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé bàbá yìí kò lè ṣe é."

Ó ti ilẹ̀kùn kó tó dá mi lóhùn. "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n? Ìlà ń kú, òun ló ń tọ́jú ìlà. Ìwọ náà má dá sí i. O ní ọmọ nílé."

"Bí mo bá rí ibi tí àléébù náà wà ńkọ́?"

Ó ní, "Bí o bá rí i, mú un wá kí n fojú rí i. Kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ sọ. Èyí tí èèyàn lè fọwọ́ kàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé. Mo sọ fún ọkọ mi pé n kò ní jókòó ti tábìlì mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé èmi fúnra mi ni màá lọ tọ ìlà náà. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n wá mú èmi náà. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ mú mi, kí wọ́n mú mi lẹ́nu iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí yàrá, ó mú ṣòkòtò rẹ̀ kan tó nípọn jáde, ó ní, "A kì í fi ìró gun òpó."

Kí n tó ṣe nǹkan kan, ìlà tún kú. Bàbá Olópòó wà ní àtìmọ́lé, ìlà sì kú! Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sáré lọ bá alága nídìí sítáǹbù.

"Kàmáráàdì," ni mo wí, "ìlà Avrankou kú láàárọ̀ yìí. Ta ló gé e?"

Kò gbójú sókè. "Nígbà náà, kì í ṣe òun nìkan. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é. A óò bi í."

Ọ̀rọ̀ náà mú mi lára bí ọfà. Bí wọ́n ṣe máa ń bi èèyàn ní irú ibẹ̀, gbogbo wa la mọ̀.

Mo gba àyè, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Avrankou. Agbẹ̀bí náà jẹ́ obìnrin gíga tó máa ń rìn bí ẹni tí ìkòkò ń jó lórí iná. Ó ń fọ ọwọ́ nígbà tí mo dé. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo ní kó sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ìlà náà fún mi.

"Kí ni mo mọ̀ ju pé kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá nílò rẹ̀?" ló wí. "Ọjọ́ ọjà, àwọn aboyún ń ti abúlé gbogbo wá. Ọjọ́ ọjà náà ló máa ń kú."

"Ọjọ́ ọjà nìkan?"

Ó dá ọwọ́ dúró nínú omi. "Ẹ ṣeun o. N kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ ọjà ni. Láàárọ̀, kí àwọn ọkọ̀ kàmíọ̀ tó ń kó ọjà tó dé, á ti dákẹ́. Lọ́sàn-án tí ọjà bá ti kún, á dún. Bí wọ́n bá ti ń múra àtilọ sílé nírọ̀lẹ́, á tún dákẹ́."

Mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ ba ìlà jẹ́ kò ní máa dúró de ọjà kó tó ṣe é. Mo padà sí Àjàṣẹ́, mo sọ fún alága. Ó gbọ́ mi dópin. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọjọ́ ọjà Avrankou gan-an ni ọkùnrin yẹn máa ń gba àyè lọ sí ilé rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ọjọ́ ọjà ni ìyàwó rẹ̀ ń ta gàrí, ó sì máa ń lọ bá a palẹ̀ mọ́. Ohun tí mo mú wá láti fi gbà á sílẹ̀ ti di ohun tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Mo jáde síta, mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò títí ara mi fi balẹ̀. Mo wí fún ara mi pé n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó bá kù, màá fi hàn wọ́n ni.

Àwọn ọmọdé òde òní tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, okùn dígí tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ju ìmọ́lẹ̀ sínú okùn náà, tó sì ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọsẹ̀. Mo ti rí i, ó wù mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ kò bá dá wọn lójú, ohun tí àwa ń ṣe náà ni àwọn náà ń ṣe: wọ́n á gé ìlà sí méjì, wọ́n á wo apá tó yá àti apá tó ń ṣàìsàn, wọ́n á tún gé apá tó ń ṣàìsàn sí méjì. Èèyàn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ títí kó má rí i.

Ibi tí màá ti gé tèmi ni òpó àkọ́kọ́ ní ẹnu bodè, níbi tí okùn abẹ́ ilẹ̀ ti jáde sókè. Àpótí irin kan wà lórí òpó náà tí àwọn okùn méjèèjì ti pàdé. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo wọ ṣòkòtò ọkọ mi, mo fi bẹ́líìtì Bàbá Olópòó de ara mi mọ́ òpó, mo bẹ̀rẹ̀ sí gùn. N kò gun òpó rí. Àwọn obìnrin tó ń gbé ẹrù lọ sọ́jà dúró, wọ́n ń pariwo. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo ìyálé ilé lókè!" Òmíràn ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ìjọba tuntun ló rán mi. N kò wo ilẹ̀. Mo wo àpótí náà nìkan, títí ọwọ́ mi fi bà á.

Mo tú okùn níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ so ohun ìgbọ́rọ̀ mi mọ́ apá tó lọ sí Avrankou. Agbẹ̀bí gbé e. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó wà lábẹ́ òpó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbé e sílẹ̀, kó máa bá mi sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ọmọ rẹ̀, ó sọ nípa ilé rẹ̀ tó ń jò, àwọn kàmíọ̀ sì ń kọjá lábẹ́ mi lọ sọ́jà, wọ́n rù dé ọ̀run, ohùn rẹ̀ kò já rárá. Lẹ́yìn náà ni mo so ó mọ́ apá tó lọ sí ìlú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń so ìpè pọ̀ ní biró, ìyẹn ilé iṣẹ́ wa, ló wà lódìkejì. Ohùn rẹ̀ ń wọlé, ó ń já, ariwo bí ẹni ń jẹ èèpo igi ń bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ pátápátá.

Mo gbá òpó náà mọ́ra bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra. Gbogbo òpó Bàbá Olópòó yá. Inú ilẹ̀, nínú ìlú, lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ni àrùn náà wà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ògbólógbòó yẹn ti wí.

Ó wá ku kí n mọ ibi náà gan-an. Lójú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà, a ní àwọn kòtò onísìmẹ́ńtì tí à ń pè ní rẹgáà, níbi tí wọ́n ti so okùn pọ̀, tí wọ́n sì fi pẹpẹ sìmẹ́ńtì bò wọ́n. Mo fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti bodè wá. Nígbà tí mo dé Akron, àdúgbò kan nínú ìlú, mo dúró. Ọ̀nà ńlá tí àwọn kàmíọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti dí láti tún un ṣe, wọ́n sì ti darí gbogbo ọkọ̀ gba inú Akron kọjá. Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ń gbà ni kàmíọ̀ ń gbà báyìí. Pẹpẹ rẹgáà kan sì wà láàárín ọ̀nà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti lanu sí méjì.

N kò ṣí i. Mo rántí ohun tí ọ̀gá wí, pé ó yẹ kí ẹlòmíràn fojú ara rẹ̀ rí i. Mo padà, mo sì lọ sí ilé alága, kì í ṣe biró. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ìyípadà tàbí àìsí ìyípadà. Ọ̀dọ́kùnrin náà jáde.

Mo ní, "Wá bá mi dé Akron lọ́jọ́ ọjà. Wákàtí kan péré. Bí n kò bá fi ohun tó ń pa ìlà náà hàn ọ́, n kò ní sọ̀rọ̀ bàbá yẹn sí ọ létí mọ́."

Ó fẹ́ kọ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láti orí ẹní tó jókòó sí. "Bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin yẹn ló ṣe é, wàá túbọ̀ mọ̀. Bí kì í bá ṣe òun, èmi náà fẹ́ mọ̀."

Lọ́jọ́ ọjà, àwa méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan ní Akron. Àpótí irin kan wà lára ògiri náà, nítòsí rẹgáà náà, níhà bodè, tí okùn ti gba inú rẹ̀. Mo so ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ ọn, mo gbé e lé e létí. Ní biró, ọ̀rẹ́ mi ń ka oṣù inú ọdún sókè láìdúró, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ò ń gbọ́ ọ?" ni mo bi í.

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Wo ọ̀nà."

Kàmíọ̀ kan tó kó iṣu kún ń bọ̀. Táyà iwájú gorí pẹpẹ náà, ó sì rì wọlé díẹ̀. Mo rí ojú ọ̀dọ́kùnrin náà bó ti yí padà. Ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà. Kàmíọ̀ kejì dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún gbọ́ ohùn kankan mọ́.

"Ó ti kú," ló wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Mo dá àwọn ọkọ̀ dúró. Àwọn ọkùnrin àdúgbò bá wa gbé pẹpẹ náà. Omi kún ìsàlẹ̀ kòtò. Apá kan pẹpẹ tó ti fọ́ náà ti ń sùn lé oríkèé okùn lórí, níbi tí wọ́n ti fi òjé bò ó. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gùn ún, á tẹ oríkèé náà. Òjé ti lanu, omi ti wọlé. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ ṣí i, bébà tí wọ́n fi wé àwọn okùn náà ti jẹrà, àwọn okùn bàbà ti di àwọ̀ ewé, àwọn méjì ti ilé ìgbẹ̀bí sì ti ṣí kúrò lára ara wọn, bí ìka tí kò di nǹkan mú dáadáa. Bí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n, wọ́n á ya. Bí ìtẹ̀ náà bá dẹ̀, wọ́n á tún fara kan ara wọn.

Alága wọ inú kòtò náà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó fọwọ́ kan okùn méjèèjì, ó so wọ́n pọ̀, ó tú wọn, ó tún so wọ́n pọ̀.

"Nǹkan kékeré yìí," ló wí. Ó gbójú sókè wò mí. Kò pè mí ní kàmáráàdì. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo wá fẹ́ bínú sí báyìí?"

Mo na ọwọ́ sí i kó lè jáde nínú omi.

Èmi ni mo dúró ti kòtò náà, tí mo fi aṣọ bo okùn títí ọ̀gá wa fi dé láti fojú ara rẹ̀ rí i. Òun tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ́kùnrin náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn jandaamu lọ́jọ́ yẹn gan-an, omi ṣì ń kán lára bàtà rẹ̀. Wọn kò tètè gbà. Wọ́n ní ẹni tó wá fi èèyàn sùn kò lè wá sọ pé òun ṣi í mú. Ó lọ, ó bọ̀, ó mú ọ̀gá lọ, ó mú òkúta sìmẹ́ńtì náà lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo wa ti ń rẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n tó tú Bàbá Olópòó sílẹ̀.

Ó rù. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán. Nígbà tó wọ àgbàlá wa, alága jáde láti ìdí sítáǹbù, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀, níbi tí wọ́n ti sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ mọ́. Bàbá Olópòó dúró lé e lórí. Mo rò pé yóò kọjá lọ.

"Dìde," ló wí nígbẹ̀yìn. "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ara rẹ̀ ti le?"

"Ó ti le, Bàbá."

"Kí ó pẹ́ láyé," ló wí, ó sì wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti òun la lọ sí Akron. Ọ̀gá ti bẹ àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe kí wọ́n darí àwọn kàmíọ̀ gba ibòmíràn. Wọ́n ní àwọn gbọ́, wọn kò sì ṣe nǹkan kan. A bá yí òkúta ńláńlá sí ojú ọ̀nà náà fúnra wa, àwọn ará àdúgbò sì ń bá wa tì í. A gbé omi inú kòtò, a gé ibi tó jẹrà kúrò, a da epo àbẹ́là gbígbóná sórí àwọn okùn láti lé ìrinmi, mo sì lọ́ wọn mọ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló jó òjé sí i. Òjé àkọ́kọ́ kán sínú kòtò. Kò jẹ́ kí n gba fìtílà iná náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀, títí òjé náà fi yọ́ yí oríkèé ká, tó sì ń dán. A gbé pẹpẹ tuntun bò ó.

Lọ́jọ́ ọjà, mo pe Avrankou ní kùtùkùtù. Mo tún pè é nígbà tí ọjà ń kún lọ. Nígbà tí mo pè é ní ìrọ̀lẹ́, agbẹ̀bí náà kígbe mọ́ mi pé òun ń gbọ́ mi kedere, pé kí n jọ̀ọ́ fi òun sílẹ̀, obìnrin kan ń bímọ lọ́wọ́.

Bàbá Olópòó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wa fún ọdún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gun òpó tó wà lójú ọ̀nà Avrankou mọ́, níbi tí gbogbo ará abúlé rẹ̀ ti mọ̀ pé wọ́n mú un. Orúnkún ló ní ó ń dun òun. Mo ní kó jókòó sí ìdí tábìlì mi, kó máa wo abẹ́rẹ́ fún mi. Èmi ni mo ń gùn. Mo ra ṣòkòtò tèmi. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà kò pariwo mọ́ bí wọ́n bá rí mi. Wọ́n á kàn gbójú sókè, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì máa bá ọ̀nà wọn lọ.